Ìbéèrè Yín Lórí Iná Mànàmáná: Ohun Tó Ń Ba Ẹ̀rọ Wa Jẹ́ Nígbà Tí Iná Bá Dé

Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Òṣogbo ni lẹ́tà lórí ẹ̀rọ tó jóná ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa, débi pé a fi ojú-ewé yìí pátá sílẹ̀ fún un ní oṣù yìí. Bí mo ti ń ka àwọn lẹ́tà náà lọ, mo rí i pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń sọ: wọ́n ra àpótí kan, wọ́n gbà pé àpótí náà yóò gba ẹ̀rọ wọn lọ́wọ́ gbogbo ewu iná, ẹ̀rọ náà sì jóná níbi tí àpótí ti ń wò ó. Ó ṣeé ṣe kí àpótí náà jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àìsàn ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe iná ilé wọn, oògùn ọ̀tọ̀ ni wọ́n rà. Mo ti yan lẹ́tà méje, mo gé wọn kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹja dídì ni mo ń tà ní agbègbè Ọjà-Ọba. Fírísà ńlá méjì ni mo ní, sítábíláísà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ líle ti fẹ́, iná dé, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù mi sì mọ́lẹ̀ yòò bí oòrùn ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀rẹ́ mi tó wà ní òdìkejì títì ń pọ́n ráúráú bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Kí n tó dé ìdí súìṣì, èéfín ti ń jáde lára sítábíláísà kan, fírísà tó wà nídìí rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Kí wá ni ìwúlò sítábíláísà? — Ìyá Ẹlẹ́ja

Ìdáhùn: Ẹ kú àdánù, Ìyá Ẹlẹ́ja, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ẹ rí láàárín gílóòbù yín àti ti ọ̀rẹ́ yín ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wáyà mẹ́rin ni ó ń jáde láti ara tiransifọ́ọ̀mù àdúgbò. Mẹ́ta nínú wọn ń gbé iná wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a ń pè ní fésì. Ẹ̀kẹrin ni níútírà, tí iná ń gbà padà. Láàárín fésì kan àti níútírà, fólítì 230 ni ó yẹ kó wà, òun ni a sì ń lò nínú ilé. Ṣùgbọ́n láàárín fésì kan àti fésì kejì, fólítì 400 tàbí 415 ni ó wà níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá já níútírà lórí òpó, tàbí tí ìdè rẹ̀ tú, iná kò rí ọ̀nà tó tọ́ padà mọ́, yóò wá máa gba inú ilé àwọn tó wà lórí fésì kan kọjá sínú ilé àwọn tó wà lórí fésì mìíràn. Ìhà méjèèjì á máa pín fólítì 400 náà láàárín ara wọn, wọn kò sì ní pín in dọ́gba: fésì tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ á gba díẹ̀, èyí tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ á gba púpọ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn tó ń lo iná nílòkulò ni gílóòbù wọn ń pọ́n ráúráú, àwọn tó rọra ń lò ó ni ẹ̀rọ wọn ń jó. Ìdájọ́ yìí kò tọ́, ṣùgbọ́n bí iná ti ń ṣe nìyẹn. Fólítì tó wọ ṣọ́ọ̀bù yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn lè ti kọjá 300, kò sì ní lọ sílẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi pa á.

Sítábíláísà ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì dára. Tiransifọ́ọ̀mù kan ni ó wà nínú rẹ̀ tí a fa wáyà jáde lára rẹ̀ ní ojú mélòó kan, pẹ̀lú àwọn súìṣì kéékèèké tí ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń dún kọ̀, kọ̀, bí iná bá ń lọ sókè sódò. Bí iná bá wálẹ̀ sí 170, ó mú ojú tí yóò gbé e sókè. Bí ó bá gun 250, ó mú òmíràn tí yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ojú wọ̀nyẹn ní òpin, òpin náà sì wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà kì í kọjá fólítì 260 tàbí 280. Bí iná bá ti kọjá ibẹ̀, sítábíláísà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jó, ohun tó sì wà nídìí rẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Ohun tí fírísà yín nílò ṣáájú sítábíláísà ni ẹ̀rọ kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní voltage guard. Kì í tún iná ṣe rárá. Aṣọ́bodè lásán ni. Bí iná bá kọjá ààlà tí wọ́n pa fún un, bíi 260 lókè tàbí 180 nísàlẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, kò sì ní ṣí i títí iná yóò fi padà sípò. Ẹ fi í sí ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi sítábíláísà sí ara rẹ̀, kí fírísà wá gbẹ̀yìn. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà, nítorí aṣọ́bodè tó bá dúró sẹ́yìn sítábíláísà kò lè gba sítábíláísà là. Irú rẹ̀ tó tóbi tún wà, tó lè gbé áńpìà 40 tàbí 63, tí oníṣẹ́ iná lè fi sínú àpótí iná ṣọ́ọ̀bù kó máa ṣọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ní fírísà méjì, èyí ni èmi ì bá rà.

Ẹ rí i dájú pé èyí tí ẹ máa rà ń dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jẹ́ kí iná kọjá. Bí fírísà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, gáàsì inú rẹ̀ ṣì há mọ́ ìhà kan. Bí a bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì náà kò ní lè yí, iná púpọ̀ ni yóò sì máa fà títí yóò fi gbóná jó. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ti pa fírísà púpọ̀ tí a sọ pé àrá ni ó pa.

Ní ọjọ́ mìíràn tí ẹ bá tún rí gílóòbù tó mọ́lẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́, súìṣì ńlá ni kí ẹ sáré lọ pa, kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ tó ń pín iná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí fésì fún yín ní alẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí fésì tí ìyà níútírà tó já kò lè dé.

Ìbéèrè: Òṣogbo yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà. Kí ló dé tí iná tiwa náà ń ṣe ségesège? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Báálẹ̀

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé Òṣogbo ni ibùdó náà wà. Iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ni láti rí i pé iná tí àwọn ibùdó bíi Kainji, Jẹ́bà àti Ṣíróró ń pèsè bá èyí tí gbogbo wa ń lò mu, kí ìyípo rẹ̀ má baà jìnnà sí 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí àwọn ìlà ńlá tó ń gbé fólítì 330,000 má sì wó lu ara wọn. Ibi tí ẹ̀rọ yín ti ń jìyà jìnnà sí ìyẹn gan-an: ó wà láàárín tiransifọ́ọ̀mù òpópónà yín àti sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá yín. Ẹni tó bá alágbẹ̀dẹ pín ògiri kò ní kí ọkọ́ tirẹ̀ má kú.

Ibì kan péré ni iṣẹ́ wọn ti kan ẹ̀rọ yín. Bí iná bá lọ káàkiri, tí wọ́n tún wá dá a padà, gbogbo fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi tó wà ládùúgbò ni yóò jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, iná á sì máa rú sókè, á máa rọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tan ohunkóhun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, ẹ̀rọ fọtokọ́pì kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ni ó wà ní ibi iṣẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláìyá. Ẹnì kan ní kí n ra àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ «surge» sí lára, tó ní iná kékeré aláwọ̀ ewé. Mo ra mẹ́rin. Láàárín oṣù kan, ẹ̀rọ tó ń fún kọ̀ǹpútà méjì ní iná jóná bí iná kékeré náà ti ń tàn. Ṣé èké ni wọ́n pa fún mi? — Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ èké, ó sì lè jẹ́ pé ilé yín ni kò jẹ́ kí òótọ́ inú àpótí náà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí èyí tó jẹ́ ojúlówó ti ń ṣe. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, tó fẹ̀ bí owó ẹyọ, tí a fi ìyẹ̀fun zinc oxide tí a sun pọ̀ ṣe. Varistor ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí fólítì bá wà ní ipò rẹ̀, ńṣe ni yóò jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí fólítì bá ṣàdédé ta sókè sí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún, ohun tí wọ́n ń pè ní surge, bíi ìgbà tí àrá sán nítòsí tàbí tí ẹnì kan pa ẹ̀rọ ńlá, yóò ṣí ọ̀nà lójú ẹsẹ̀, yóò da àpọ̀jù náà sínú níútírà àti wáyà ilẹ̀, ìyẹn wáyà tó so mọ́ irin tí a gbá sílẹ̀, yóò sì tún pa ọ̀nà náà dé. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Sítábíláísà kò lè yára tó bẹ́ẹ̀ láéláé; kí súìṣì inú rẹ̀ tó dún kọ̀, ìyà ti jẹ kọ̀ǹpútà tán.

Ṣùgbọ́n varistor ní àléébù mẹ́ta tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Àkọ́kọ́ ni pé ó ń gbó. Gbogbo ìgbà tó bá gba ìjà ni ó ń pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, ìwọ̀n tó lè gbà lápapọ̀ sì ni iye joule tí wọ́n kọ sára páálí. Bí ó bá ti tán, àpótí náà di sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, iná kékeré tó ń fi hàn pé iná wà sì lè máa tàn lọ. Ìkejì ni pé kò lè fara da iná tó ga fún ìgbà pípẹ́, irú èyí tó dé bá Ìyá Ẹlẹ́ja lókè yìí. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni yóò fi gbóná, bí fúúsì ooru kò bá sì sí lára rẹ̀, ó lè fa ìjàm̀bá iná gidi. Ẹ má ṣe gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí sáàárín ìwé.

Ẹ̀kẹta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa: ibi tó yẹ kó da àpọ̀jù náà sí kò sí. Ẹ̀yìn tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán mi jóná ni èmi náà tó mọ èyí. Mo pe oníṣẹ́ iná kó wá yẹ ilé wò, ó ṣí àpótí tó wà nídìí mítà, a sì rí wáyà ilẹ̀, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, tí wọ́n ká rogodo sí igun àpótí. Kò dé ilẹ̀ rárá. Ọdún mọ́kànlá ni a ti ń fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, tí ẹsẹ̀ kẹta kò já síbì kankan. Ẹni tó kọ́ ilé náà ti gba owó irin ilẹ̀, èmi kò sì mọ ibi tí irin náà wọlé sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún ra àpótí mìíràn, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n wá wo wáyà ilẹ̀ yín. Irin bàbà tí wọ́n ń gbá sílẹ̀ kò yẹ kó kúrú ju mítà 1.2 lọ, ibi tó tutù ni kí wọ́n sì gbá a sí, bíi ẹ̀bá ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Àwọn kan ń fi èédú àti iyọ̀ yí i ká kí ilẹ̀ lè gba iná dáadáa. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iyọ̀ á máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, èédú nìkan ni èmi fara mọ́. Ohm ni a fi ń wọn bí ilẹ̀ ti ń gba iná, bí ó bá sì ti kéré tó ni ó dára tó. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kó ju 10 lọ, ní ibi tí kọ̀ǹpútà pọ̀ sí bíi tiyín, 5 tàbí kó dín ni kí ẹ bèèrè. Ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà ọyẹ́, torí ilẹ̀ tó gbẹ kì í gba iná bíi ti ìgbà òjò. Korobá omi méjì lọ́sẹ̀ ti tó láti tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni owó yín tó lè ra nǹkan gidi. Ẹ fi varistor ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Type 2, sínú àpótí iná ilé, kó kọ́kọ́ gba ìjà. Àpótí kékeré tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á wá gba èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹ fi UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, sí ìdí àwọn kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílésà àti fọtokọ́pì kò gbọ́dọ̀ sí lórí rẹ̀, nítorí irin tó ń yọ́ tádà nínú wọn ń fa iná púpọ̀ lójijì, ó sì lè mú kí UPS kékeré dákú. Ní ti àpótí mẹ́rin tí ẹ rà, ẹ tú ọ̀kan wò. Èyí tí èmi rà lọ́jọ́ kan, irin idẹ mẹ́ta àti gílóòbù kékeré nìkan ni mo bá nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìgbọ̀nà ni mo ń gbé. Bí òjò bá ti ṣú ni mo máa ń yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì. Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo lè pa súìṣì lásán, àti pé wọ́n ti ra ohun tó ń dá àrá dúró. Ta ni ó jàre?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ni ẹ jàre, Bàbá. Àwọn tó sọ iná yìí ní iná mànàmáná ti mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni èyí tó ń tan gílóòbù àti èyí tó ń kọ lójú ọ̀run, ìwọ̀n wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Fúúsì inú púlọ́ọ̀gì yín kò ju áńpìà 13 lọ. Mànàmáná kan ṣoṣo sábà máa ń gbé nǹkan bí 30,000. Ohun tó ti fo láti inú ìkuukùu dé ilẹ̀ kò ní ka àlàfo inú súìṣì sí, torí àlàfo náà kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Kò sì pọn dandan kó bọ́ sórí ilé yín. Bí ó bá sán sí òpó tàbí igi tó wà ní òpópónà kejì, wáyà tó wà lókè àti èyí tó wà nínú ògiri á gba nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun kàn wọ́n. Ohun tí àwọn ọmọ yín rà lè gbà yín lọ́wọ́ irú ìyẹn bí wáyà ilẹ̀ bá dára. Bí ó bá bọ́ sórí ilé gan-an, kò sí àpótí tó lè dúró.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi kún àṣà yín. Wáyà tó ń bọ̀ láti orí òrùlé, ti áńtẹ́nà tàbí ti àwo tẹlifíṣọ̀n, ni kí ẹ yọ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó yọ wáyà iná tó fi ti àwo sílẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn ṣì jóná. Èkejì, kí òjò tó sún mọ́lé ni kí ẹ yọ wọ́n. Bí àrá bá ti ń sán lórí ilé, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́, kí ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ṣeé tún rà.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ ohùn ni mo fi ń yáni fún ìnáwó. Bí mo bá ti so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ míksà ni sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù, pàápàá bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a tàn. Ọ̀rẹ́ mi kan gé ẹsẹ̀ kẹta lára púlọ́ọ̀gì míksà, kíkùn náà sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, àwọn olórin ń sọ pé gbohùngbohùn ń gbá wọn lẹ́nu. Kí ni kí n ṣe? — Olóhùn, Ayétòrò

Ìdáhùn: Ẹ dá ẹsẹ̀ yẹn padà lónìí, kí ẹ tó gba iṣẹ́ mìíràn. Iná tó ń gbá olórin lẹ́nu ti ń wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀, ẹ sì ti gé ọ̀nà tó yẹ kó gbà, ara ènìyàn ni ó kù tó ń gbà. Bí wáyà kan bá já nínú míksà tàbí ampilifáyà lọ́jọ́ tí olórin ń jó lórí ilẹ̀ tútù, ìnáwó náà á di ọ̀fọ̀. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ ran yín lọ́wọ́ ni, mo mọ̀, ọ̀pọ̀ olóhùn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kíkùn yẹn gan-an kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà dé ilẹ̀ láti ara wáyà tó ń fún un ní iná, míksà náà dé ilẹ̀ láti ara wáyà tirẹ̀, okùn ohùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì wá so ìyípo náà pọ̀ bí òrùka. Bí ilẹ̀ ìhà kan kò bá bá ti ìhà kejì dọ́gba, iná kékeré á máa yí nínú òrùka náà, ìyípo 50 rẹ̀ ni ẹ sì ń gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tí kò náni lówó: ẹ fi kọ̀ǹpútà, míksà àti ampilifáyà sórí àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí wọ́n lè ní ilẹ̀ kan náà. Ẹ tún yọ wáyà iná kọ̀ǹpútà, kó máa lo bátìrì. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, òrùka yẹn ni. Ẹ wá ra DI box, àpótí kékeré tí okùn ohùn ń gbà kọjá, èyí tó ní tiransifọ́ọ̀mù nínú, kí ẹ fi sáàárín kọ̀ǹpútà àti míksà. Ohùn á kọjá, òrùka á já, ẹsẹ̀ kẹta á sì wà níbi tó yẹ kó wà.

Fún okùn tó gùn, okùn XLR ni kí ẹ máa lò. Wáyà méjì ni ó ń gbé ohùn nínú rẹ̀, ọ̀kan ní òdìkejì èkejì. Ariwo tó bá bà lé wọn lójú ọ̀nà á bà lé méjèèjì bákan náà, nígbà tí míksà bá sì yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ariwo náà á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ má ṣe di okùn ohùn mọ́ wáyà iná bí ẹni di igi. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì.

Bí ohun tí ẹ gbọ́ kò bá kùn, tó ń ta tá-tá-tá, tó sì ń yára bí jẹnẹrétọ̀ ti ń yára, iná tó ń ṣẹ́ ní ẹnu púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, ẹ fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ irin tí ẹ gbá sílẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ti gbó. Àwọn kan ń lo ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í yí dan-in, tó ń lọ bí àtẹ̀gùn. Kò sí okùn tó lè gba ohùn yín lọ́wọ́ ìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé tí-tí-tí ni sípíkà ń dún kó tó dákẹ́, ẹ wo àpò ẹni tó mú gbohùngbohùn dání: fóònù rẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí ní Alẹ́kúwodò. Bí epo bá ti ń tán nínú jẹnẹrétọ̀ ni kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ ìránṣọ mi máa ń ṣe wèrèwèrè. Ṣé ó lè bà á jẹ́?

Ìdáhùn: Ó lè bà á jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí epo ń tán nínú rẹ̀ á máa súré, á máa dúró, fólítì á sì máa bá a lọ sókè sódò. Ẹ máa pa ẹ̀rọ ìránṣọ kí epo tó dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì láìgbé ẹrù kankan, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yí ṣenjì-ófà sí i. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ pa á, kí ẹ kọ́kọ́ gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Bí gílóòbù bá ń ṣẹ́jú nígbà tí epo kún, ohun tó ń ṣàkóso fólítì jẹnẹrétọ̀ ni kí atúnṣe yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Láti bí oṣù mélòó kan, rédíò mi ń hó ṣàà ní alẹ́, n kò gbọ́ ìròyìn mọ́. Atúnṣe ní rédíò kò ṣe nǹkan kan. — Bàbá Onírédíò, Òkè-Fíà

Ìdáhùn: Mo gba atúnṣe náà gbọ́. Alẹ́ tí ẹ dárúkọ ni mo fi ń fura sí gílóòbù. Àwọn gílóòbù LED tí kò wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń tan iná, tó ń pa á, ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa ní ohun tó ń sẹ́ ariwo yẹn kó má bọ́ síta, èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú ti yọ ọ́ kúrò kí owó lè dín. Ṣájà fóònù tó fúyẹ́ bí páálí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi bátìrì sí rédíò, ẹ yí i sí AM, ní ibi tí ilé iṣẹ́ rédíò kankan kò sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kan máa pa nǹkan inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá pa tí híhó náà dákẹ́ ni ọ̀daràn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹ kò lè pààrọ̀, bíi ẹ̀rọ tó ń fún kọ̀ǹpútà ọmọ yín ní iná, ẹ ra ferrite, nǹkan dúdú onírin tí a ń pa dé mọ́ wáyà bí ìlẹ̀kẹ̀ ńlá, kí ẹ fi mọ́ wáyà náà lẹ́bàá ibi tó ti jáde lára ẹ̀rọ. Bí wáyà bá gùn tó láti yí i ká lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá pa súìṣì ńlá, tí gbogbo ilé ṣókùnkùn, tí rédíò ṣì ń hó, ẹ gbé e jáde, kí ẹ máa rìn lọ sí ìhà tí híhó náà ti ń pọ̀ sí i. Ilé aládùúgbò lè jẹ́ ibi tó ti ń wá, ẹ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdí òpó iná ni ó ti pọ̀ jù, pàápàá ní alẹ́ tí ìrì sẹ̀, àwo tó gbé wáyà lókè ti sán tàbí ó ti dọ̀tí, iná sì ń jò lára rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára òpó náà sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, kí ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ọmọdé kankan fi ọwọ́ kan òpó náà títí wọn yóò fi dé.